Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wo lẹ máa kọ́kọ́ fún ẹni tí ò kà á rí?

Àbíkẹ́ Aránṣọ (Òṣogbo)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá síbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Aránṣọ ni mí, ọmọ márùn-ún ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí. Ní Sátidé, iṣẹ́ ọwọ́ la máa ń ṣe, ká gán bọ́tìnnì, ká ká etí aṣọ, ká tú ibi tí wọ́n rán tí ò dáa, iṣẹ́ tí ò ní ariwo máṣíìnì nínú, àsìkò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé fún wọn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé òyìnbó ni o, mo máa ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ, torí méjì nínú wọn ò kàwé kọjá JSS 3, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó síbẹ̀ kó kàn máa wo ẹnu mi.

Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, torí náà mo ní Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Arthur Conan Doyle, ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo wá rò ó pé èyí tó kọ́kọ́ jáde ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà, ni mo bá gbé A Study in Scarlet, èyí tó jáde lọ́dún 1887. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn! Ibi tí Holmes ti bọ Dókítà Watson, ẹni tó ń sọ ìtàn náà fún wa, lọ́wọ́ tó ní ó jọ pé Afghanistan lẹ ti ń bọ̀, gbogbo wọn pariwo, ọ̀kan ní ṣé babaláwo ni ọkùnrin yìí ni. Nígbà tá a dé ìdajì ìwé, ọwọ́ ti tẹ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi yẹn, ni ìtàn bá ṣàdédé fò lọ sí Amẹ́ríkà, sínú aṣálẹ̀ kan lọ́nà Utah lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn tá ò gbọ́ orúkọ wọn rí, orí márùn-ún gbáko ni Holmes ò fi sí níbẹ̀. Ọmọ kan ní "Àǹtí, Holmes dà?" Mo ní ó ń bọ̀. Ó tún béèrè. Nígbà tó di Sátidé kẹta wọ́n ní kí n kúkú bá àwọn tan rédíò.

Ó dùn mí gan-an ni. Ìtàn tí mo fẹ́ràn látijọ́, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe máa kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún mi, èwo ni kí n tún gbé? Mo fẹ́ èyí tá a lè kà tán ní ìjókòó kan, bíi wákàtí kan àbọ̀, kí orúkọ inú ẹ̀ má pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òpin ìtàn kankan síbí, torí àwọn ọmọ yẹn máa ń gba fóònù mi wò.

Bàbá Ìwé (Ìbàdàn)

Àbíkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun, iṣẹ́ ńlá lò ń ṣe yẹn. Gbé The Red-Headed League. Má ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kẹjọ ọdún 1891 ló jáde nínú ìwé ìròyìn Strand ní London, ó sì wà nínú ìwé tí wọ́n kó ìtàn méjìlá pọ̀ sí lọ́dún 1892, The Adventures of Sherlock Holmes. Ọ̀fẹ́ ni lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ, dátà tó sì máa jẹ ò tó nǹkan.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò ba òpin jẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jabez Wilson, irun orí ẹ̀ pupa bí iná, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan táwọn èèyàn ti ń fi ẹrù dógò kí wọ́n lè rówó yá, ọjà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló mú ìwé ìròyìn wá bá a pé ẹgbẹ́ kan ń wá ọkùnrin onírun pupa, pọ́n-ùn mẹ́rin lọ́sẹ̀, iṣẹ́ ò sì le. Nígbà tí wọ́n dé Fleet Street, àwọn onírun pupa ti kún títì fọ́fọ́. Ọkùnrin tó ń gbà wọ́n síṣẹ́ ki ọwọ́ méjèèjì bọ irun Wilson, ó fà á títí ọkùnrin náà fi kígbe tí omi lé sí i lójú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wíìgì ni! Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá gbé fún un? Kó máa da Encyclopaedia Britannica kọ. Láti lẹ́tà A. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ọ́fíìsì yẹn bó ti wù kó rí, òun ló sì máa ra yíǹkì àti gègé ara ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń kọ ọ́, owó ń wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló débẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, wọ́n kan páálí kékeré kan mọ́ ọn pé ẹgbẹ́ onírun pupa ti tú ká.

Ṣé o rí i báyìí? Kò sẹ́ni tó kú. Kò sẹ́ni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n sanwó fún ọkùnrin kan láti ṣe iṣẹ́ tí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dá a dúró, ẹ̀rín ni Holmes àti Watson fúnra wọn rín nígbà tí wọ́n rí páálí yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń náwó báyẹn lásán? Ìbéèrè yẹn ló gbé gbogbo ìtàn dúró, ọmọdé lè béèrè ẹ̀, àgbàlagbà lè béèrè ẹ̀, kò dìgbà téèyàn bá mọ London tàbí mọ òfin òyìnbó.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé Arthur Conan Doyle ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa. Gbogbo ohun tí Holmes rí ni Watson rí, èyí tí Watson rí ni àwa náà rí. Aránṣọ sì ni yín, ẹ máa gbádùn ẹ̀ ju àwa yòókù lọ, torí aṣọ ni ọkùnrin yìí ń kà bí ìwé. Bí Wilson ṣe wọlé báyìí, Holmes ti mọ̀ pé ó ti ń kọ nǹkan gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Kí ló fi mọ̀? Etí apá aṣọ ọ̀tún ẹ̀ ń dán tó ínǹṣì márùn-ún, tòsì sì ní ojú kan tó ti jọ̀lọ̀ lẹ́bàá ìgúnpá, ibi tó máa ń gbé lé tábìlì. Ka ibẹ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Wàá dé ibi tí Holmes ti lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Wilson, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ gbì gbì, ó kan ilẹ̀kùn, ó bi ọmọ iṣẹ́ yẹn léèrè ọ̀nà, ó sì yà kúrò. Watson ní mo mọ̀ pé torí kó o lè rí ọmọ yẹn lo ṣe béèrè ọ̀nà. Holmes ní kì í ṣe òun. Watson ní kí wá ni? Ó ní orókùn ṣòkòtò ẹ̀ ni.

Tó o bá dé ibẹ̀, pa ìwé dé. Bi wọ́n ní kí ló wà lórókùn ṣòkòtò. Má tètè ṣí i.

Délé (Peckham, London)

Bàbá, ẹ kú àtijọ́ o, mo gbà fún yín àmọ́ mi ò gbà tán. Mo mọ̀ pé The Red-Headed League dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni kí ẹ fi mú wọn! The Speckled Band ni kí Àǹtí Àbíkẹ́ gbé. Oníwèé gan-an fọwọ́ sí i, lọ́dún 1927 ni Conan Doyle fúnra ẹ̀ to ìtàn Holmes méjìlá tó wù ú jù fún Strand, èyí ló fi ṣe ìkíní, ti onírun pupa ló ṣìkejì.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Helen Stoner ló wá bá Holmes láàárọ̀ kùtù, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, Holmes ní kó sún mọ́ iná, ó ní kì í ṣe òtútù ló ń gbọ̀n òun, ẹ̀rù ni. Ìkejì ẹ̀, ìbejì ni wọ́n, ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn nínú yàrá tí wọ́n tì látinú, fèrèsé wà ní títì pa. Ọkọ ìyá wọn ni wọ́n ń bá gbé, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà rí, oníbìínú, ẹranko burúkú méjì ló ń rìn kiri láìso nínú ọgbà ẹ̀. Báyìí wọ́n ti ní kí Helen náà lọ máa sùn nínú yàrá tí àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, tí ìkejì ẹ̀ kú sí yẹn, ó sì ti gbọ́ súfèé tí ìkejì ẹ̀ gbọ́ kó tó kú. Nígbà tí Holmes wọ yàrá yẹn, ó rí okùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó máa lu agogo, ó fà á, kò lu nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún sì rèé, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ pátápátá, kò ṣe é sún.

Bẹ́ẹ̀dì tí ò ṣe é sún! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dé ibi okùn yẹn, mo gbé ìwé kúrò lọ́wọ́, mo lọ bá ìyá mi ní yàrá wọn. Wọ́n ní kí ló dé, mo ní ìtàn ni. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Mo ka èyí tó kù fún wọn ní Yorùbá báyẹn gẹ́lẹ́ bí Àǹtí ṣe ń ṣe, iṣẹ́ òru ni wọ́n ń lọ, wọ́n ti wọ kóòtù wọn, wọn ò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí mo fi parí ẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ọkùnrin tó ń wo nǹkan yẹn ńkọ́, kí ló tún rí.

Tíṣà Yorùbá (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ìjókòó gbogbo ilé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, inú mi dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Yorùbá ni Àbíkẹ́ fi ń sọ ọ́ fún wọn, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì wà tí wọ́n fi Yorùbá kọ láti ilẹ̀! Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde lọ́dún 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e lọ́dún 1971. Ẹ wo Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, òun àti Tàfá Ìgìripá. Èdè inú ìwé yẹn, bí wọ́n bá kà á fún èèyàn létí, bí ẹni jẹ àkàrà gbígbóná ni. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Owó Ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn sì wà. Kí ló dé tí a ó fi máa túmọ̀ Fleet Street nígbà tá a ní tiwa?

Bàbá Ìwé (Ìbàdàn)

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ra Àjà Ló Lẹrù lẹ́ẹ̀mẹta láyé mi torí àwọn tó ń yá a kì í dá a padà. Bí Àbíkẹ́ bá ní Sátidé mẹ́jọ níwájú, mo gbà, kó kà á. Ṣùgbọ́n ìjókòó kan ló ní, ìwé gígùn ni gbogbo ìyẹn. Ohun kejì sì ni pé lílé àti sísá ló pọ̀ nínú ti Lápàdé, ẹ̀ṣẹ́ àti ìbọn, tó sì dùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kéèyàn jókòó kó máa fi ojú tú nǹkan wò. Akínlàdé ló sún mọ́ ti Holmes jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ti Holmes wò, kí ojú wọn ti là sí ọ̀nà ìwádìí, kí wọ́n tó gba tilé lọ, wọ́n máa rí ohun tí Akínlàdé ṣe dáadáa.

Délé, ìyá ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ò sùn lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ òótọ́, nínú The Speckled Band, ìbẹ̀rù lò ń bá lọ, kò sí bó o ṣe fẹ́ fúnra ẹ dá ìdáhùn yẹn rí kí Holmes tó sọ ọ́, torí ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ohun tí irú ẹ̀ kì í ṣe láyé. Ẹni tó bá ti kà á mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ ka ìyẹn máa rò pé iṣẹ́ Holmes ni kó mọ̀, iṣẹ́ tòun ni kóun ya ẹnu. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ pé òun náà lè mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ẹ̀ṣọ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ dákun, kí n ju tèmi náà sí i kíákíá, mo wà lọ́jà. Àǹtí Àbíkẹ́, tẹ́nìkan bá ní kẹ́ ẹ gbé The Hound of the Baskervilles torí pé òun lókìkí jù, ẹ má gbà o, ìwé dáadáa ni, ṣùgbọ́n orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, láàárín ẹ̀ Holmes tún rán Watson lọ nìkan, ọmọ yẹn á tún béèrè pé Holmes dà. Ẹ má sì gbé The Murder of Roger Ackroyd ti Agatha Christie fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, 1926 ló jáde, ohun tó ṣe nínú ìwé yẹn, ẹni tó ti ka ogún ìtàn bẹ́ẹ̀ ló máa dùn mọ́, ẹni tí ò ka ìkankan rí ò ní mọ ohun tí wọ́n fi ṣeré níbẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn tí Edgar Allan Poe kọ lọ́dún 1841, torí òun ló ṣíwájú gbogbo wọn, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ nípa ayò chess àti káàdì ló fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn ò tíì ní bẹ̀rẹ̀ táwọn ọmọ yẹn á ti sùn.

Tẹ́ ẹ bá ka ti onírun pupa tán, ẹ gbé The Blue Carbuncle tẹ̀ lé e, ti fìlà àtijọ́ kan àti gúùsì ọdún Kérésì, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ yẹn. Ohun tí Holmes ṣe fún olè lópin ìtàn yẹn, àríyànjiyàn máa wà ní ṣọ́ọ̀bù yín!

Àbíkẹ́ Aránṣọ (Òṣogbo)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé o. A ti kà á! Sátidé àná. Bàbá Ìwé, mo kúnlẹ̀ mo kí yín, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa.

Kí n sọ bó ṣe lọ. Irun pupa yẹn kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, wọ́n rò pé ó kùn ún ni, mo ní rárá, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti fa irun ẹ̀ wò bóyá wíìgì ni, Sáádá tó ń di wíìgì fáwọn èèyàn nírọ̀lẹ́ fi aṣọ bojú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè fi abẹ́rẹ́ gún nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n fẹ́ràn ti apá aṣọ tó ń dán yẹn lóòótọ́, gbogbo wọn ló ń yẹ apá aṣọ ara wọn wò.

Ohun tí mi ò retí ni èyí. Mo ń kà á lọ jẹ́jẹ́, mo dé ibi tí Wilson ti sọ pé ọmọ iṣẹ́ òun yìí mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ìdajì owó ló ní òun máa gbà, kóun lè kọ́ṣẹ́. Mo ti fẹ́ kọjá, èmi fúnra mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ nígbà tí mo kà á ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bọ́lá ní "Àǹtí, ẹ dúró." Ó ní ṣé ó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Mo ní wọ́n ní ó já fáfá. Ó ní ẹni tó mọṣẹ́ tó wá ń gba ìdajì owó, kì í ṣe iṣẹ́ ló wá ṣe níbẹ̀. Àwọn tó kù ní òótọ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n mọ ohun tó ń mú kéèyàn gba owó tí ò tó.

Lẹ́yìn náà a dé ọ̀dọ̀ orókùn ṣòkòtò. Mo pa ìwé dé bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Mo ní kí ló wà níbẹ̀? Wọ́n dákẹ́. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn, tó jẹ́ pé òun ló máa ń lẹ ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá gbé e wá, òun náà ló ń béèrè Holmes lọ́wọ́ mi níjọ́sí, ó gbé ṣòkòtò kan látinú apẹ̀rẹ̀, ó nà án sórí itan ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa orókùn ẹ̀ báyìí. Ó ní Àǹtí, kí lèèyàn lè máa wò lórókùn ṣòkòtò, tí kì í bá ṣe pé ó ti gbó, tàbí ó dọ̀tí? Ó ní ọkùnrin yẹn ń kúnlẹ̀. Mo ní á, bóyá ó ń gbàdúrà ni. Ó ní àdúrà kì í jẹ́ kéèyàn lọ gbá ilẹ̀ lọ́pàá, Holmes gbá ilẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn.

Mi ò lè fèsì. Èmi tí mo mọ òpin ìtàn yẹn, ara mi bù máṣọ.

Aago márùn-ún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń lọ sílé, aago mẹ́fà kọjá kẹ́nikẹ́ni tó dìde, iná NEPA lọ, a fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á parí. Tíṣà, mo ti ní kí wọ́n bá mi wá Owó Ẹ̀jẹ̀ lọ́jà ìwé. Délé, ẹ bá mi kí ìyá yín, ti bẹ́ẹ̀dì tí ò ṣe é sún yẹn máa tó kàn. Àmọ́ gúùsì Ìyá Ẹ̀ṣọ́ ni ti Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n ti ní kí n má dá a kà sílẹ̀ kí n tó dé, àwọn fẹ́ rí i nígbà kan náà tí mo bá rí i.